Adájọ́ Kì Í Wá Ẹjọ́ Kiri

Nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni ṣe aáwọ̀ rí. Pásítọ̀ kà á sókè ketekete, ìjọ sì ṣe àmín. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ẹ̀gbọ́n Délé, tí òun àti bàbá àgbà ti jọ ń fa ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí n kò tíì mọ̀wé kà. Òun náà ń ṣe àmín, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ká ní òkú máa ń sọ̀rọ̀ ni, bàbá àgbà ì bá ti inú pósí ní kí wọ́n dá ìwé náà padà, kí wọ́n lọ tún un kọ.

N kò ní lè kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn tó kọ ti inú ìwé ètò yẹn ti gbìyànjú, ẹ sì ti rí ibi tó já sí. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn, nítorí ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ pé alárìíyànjiyàn ni bàbá yìí, àti pé àríyànjiyàn rẹ̀ dùn ún gbọ́, bí kì í bá ṣe ìwọ ló ń bá jà.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Surulere ló gbé pẹ́ jù láyé, Surulere náà ló sì kú sí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn bàtà ló fi so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ní dárúkọ kóòtù rárá, á ní adájọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lòun. Lọ́jọ́ Sátidé, á wọ bùbá funfun tó ti lọ̀ fúnra rẹ̀, á wọkọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yaba, á sì máa rìn láàárín tábìlì àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn. Ìgò mínírà kan àti búrẹ́dì ni wọ́n fi ń kí i kú iṣẹ́. Ó máa ń mu mínírà níbẹ̀, á gbé búrẹ́dì náà wálé fún wa, á sì sọ fún wa pé iṣẹ́ ìjọba ni òun ti ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì, kó ṣáà mọ èyí. Ènìyàn méjì ló jókòó kojú ara wọn, pátákó wà láàárín wọn, aago olójú méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ojú kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ bá ń ronú, ojú tìrẹ ló ń rìn. Bí àkókò rẹ bá tán, àsíá pupa kékeré kan á ṣubú lójú aago rẹ. O ti pàdánù nìyẹn, kódà bí ó ku díẹ̀ kí o mú ọba ẹnì kejì rẹ mọ́lẹ̀.

Òfin méjì ló wà láyé bàbá àgbà: òfin àgbáyé àti òfin tiwa. Òfin àgbáyé ni èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè. Òfin tiwa ni èyí tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Yaba àti Surulere kí ìwé náà tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Òfin Nàìjíríà ló ń pè é. Ẹ̀gbọ́n Délé máa ń sọ pé Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ò mọ ohunkóhun nípa òfin náà. Bí wọ́n bá ní kí bàbá àgbà mú ìwé rẹ̀ jáde, á ní òun ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ pẹ́, òun ò sì tíì rí àṣà tó mú ìwé ẹ̀rí dání wá síwájú adájọ́.

Ẹ̀gbọ́n Délé yìí, bàbá àgbà ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó dàgbà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Mushin, ó lọ ṣe ìdánwò àwọn adájọ́, ó yege, ó gbàwé ẹ̀rí. Nígbà tó dé, ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ fi ìmọ̀ náà ràn lọ́wọ́ ni ọ̀gá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àgbà ti sọ ọ́ ní Àgbáyé. Bí Ẹ̀gbọ́n Délé bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá àgbà á ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, Àgbáyé ti wọlé."

Ìjà wọn tí mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí, ọ̀rọ̀ ayaba ló dá a sílẹ̀. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, bí ọmọ ogun rẹ bá rìn títí tó fi dé ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, o lè sọ ọ́ di ayaba, èyí tó lágbára jù lórí pátákó. Ṣùgbọ́n àwọn ṣẹ́ẹ̀sì tí a ń rà, ayaba kan péré ló ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, nígbà míì kì í tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Yaba ni pé wọ́n á mú ilé ìṣọ́ kan, èyí tó rí bí ilé gogoro, tí wọ́n ti pa, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò, ó di ayaba. Bí kò bá sí ilé ìṣọ́, ìdérí ìgò mínírà á ṣe é. Mo ti rí ìdérí ìgò tó pa ọba mọ́lẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n Délé wá ka ìwé rẹ̀ sí wọn létí lọ́jọ́ kan pé ilé ìṣọ́ tó dorí kodò, ilé ìṣọ́ náà ni, kò lè rìn bí ayaba. Bàbá àgbà ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n tún un fà, títí àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ń jà lé lórí fi gbà pé kí àwọn pín in sí ọ̀mì, wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀sì wọn, wọ́n lọ sílé. Àwọn adájọ́ méjèèjì ò mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Ohun tí bàbá àgbà sọ kẹ́yìn nìyí: "Wọn ò ra ayaba kejì fún wa, wọ́n wá fẹ́ jágbe mọ́ èyí tí a fi ọgbọ́n ṣe."

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé ìwé dáadáa, ẹni tó bá pẹ́ kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n dá ti pàdánù láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá àgbà á dúró fún ọ ní wákàtí kan gbáko, bí o bá ṣáà ti lè sọ ibi tí ọkọ̀ ti há fún ọ. Ó máa ń bi wọ́n bí adájọ́ tó mọ̀nà: ṣé Ijora lo gbà ni, àbí Ọ̀yìngbò? Kí ló dé tí o ò sọ̀kalẹ̀ kí o fẹsẹ̀ rìn? Bí àlàyé náà bá yéni, o wọlé. Ẹ̀gbọ́n Délé ní irú èyí kò sí níbikíbi láyé. Bàbá àgbà ní àwọn tó kọ ìwé náà ò tíì gba Costain kọjá lọ́sàn-án Sátidé rí. Ṣùgbọ́n nílé, bí oúnjẹ alẹ́ bá pẹ́ díẹ̀, òfin àgbáyé ló ń lò fún wa. Kò sí àlàyé tó ń gbà, á dì mọ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní ebi ò pa òun mọ́, àwọn ará ilé ti pàdánù.

Òfin ìfọwọ́kàn nìkan ni òun àti Àgbáyé kò jà lé lórí. Bí o bá fọwọ́ kan nǹkan kan lórí pátákó, òun lo máa gbé, kò sí pé o yí ọkàn padà. Bàbá àgbà gbé èyí wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Bí o bá fi ṣíbí kan ẹran, tìrẹ nìyẹn, ìbáà ṣe eegun lásán. Àwọn ọmọ ìyá mi kọ́ láti máa wo ìkòkò pẹ́ kí wọ́n tó nawọ́. Àlejò tí kò mọ̀ ló máa ń kó sí i. Nígbà tí ọkọ àbúrò màmá mi kọ́kọ́ wá kí wọn nílé, ó fi ṣíbí ti awọ ponmọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá àgbà sì sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ponmọ́ ló yàn. Ó jẹ ẹ́. Ó ṣì fẹ́ ọmọ wọn. Bàbá àgbà ní èyí ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé kò ní yí ọkàn padà lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà kan tí wọn ò parí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òfin àgbáyé ní bí adájọ́ bá rí i pé àkókò ẹnìkan ti tán, kó sọ. Bí ó bá rí i pé ẹnìkan gbé nǹkan sí ibi tí kò yẹ, kó sọ. Kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà ní rárá. Nínú òfin tiwa, ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ló ni aago, òun ló yẹ kó máa wò ó. Bí àsíá alátakò rẹ bá ṣubú, kí o gbé ọwọ́ sókè kí o fẹjọ́ sùn, adájọ́ á sì wá dá a. Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá rí i, kò ṣubú nìyẹn. Mo ti rí i tó dúró ti tábìlì kan tí àsíá ti ṣubú, tí àwọn méjì sì ń bá a lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Òun ń wo òkè àjà. Ẹ̀gbọ́n Délé wà lódìkejì, ó ń jẹ èékánná.

Ohun tó rí ní kóòtù ló fà á, bàbá àgbà sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àwọn adájọ́ tí òun bá ṣiṣẹ́, irú méjì ni wọ́n. Ọ̀kan á jókòó, á ní kí ẹni tó ní ẹjọ́ máa bọ̀. Èkejì á máa wò káàkiri àdúgbò ẹni tó lè pè lẹ́jọ́. Ó ní ẹni kejì yìí ló máa ń sọ pé òun fẹ́ràn òtítọ́ jù. "Adájọ́ tó bá ń wá ẹjọ́ kiri, Àjọkẹ́, ilé ọ̀tá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà." Àjọkẹ́ ni oríkì mi, òun nìkan ló sì ń fi pè mí.

Ká ní ó fi òfin yìí sílẹ̀ sí Yaba ni, ì bá dára. Ó gbé e bọ̀ wálé. Bí àwa ọmọ bá ń jà níwájú rẹ̀, á ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí apá kejì. Lọ́jọ́ kan màmá mi gbé ẹ̀wà kaná, ó sáré lọ ra ata ní ìta. Bàbá àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Omi ẹ̀wà gbẹ, ẹ̀wà jó, èéfín bo ilé. Bàbá àgbà dìde, ó ṣí fèrèsé, ó padà jókòó. Nígbà tí màmá mi dé tó ń ké, ó bi í pé ta ló fẹjọ́ ẹ̀wà sun òun. Inú bí màmá mi débi pé ó pa òwe lé e lórí, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá àgbà ronú sí i díẹ̀. "Ìyá ọmọ náà ńkọ́?" ló wí. "Ṣé kò lẹ́nu ni?" Búrẹ́dì la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Wọ́n fẹ́ mú ọmọbìnrin kan kún ikọ̀ tó máa lọ ta ṣẹ́ẹ̀sì lókè òkun. Ìdíje náà ti ń yọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku èmi àti ọmọbìnrin kan láti Mushin, Ràṣídátù. Ìyá rẹ̀ ń ta ike ní Ọ̀yìngbò, korobá àti abọ́ àti àga oníke. Ẹni tó bá borí nínú àwa méjèèjì ló ń lọ. N kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, mo sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì mi pé mò ń lọ. Màmá mi ti rán síwẹ́tà fún mi nítorí òtútù.

Àwọn adájọ́ tó wà nílẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n Délé ló ń mójú tó àwọn ọkùnrin ní yàrá kejì, nítorí náà bàbá àgbà ló kù fún wa. Màmá mi fúnra rẹ̀ sọ fún un kí ó yẹra, pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń ta. Ó ní ta ló fẹjọ́ sùn? Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn. Ràṣídátù nìkan ló wá, kò sí ìyá, kò sí bàbá, àpò ike kan ló gbé lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ kí gbogbo wa, títí kan èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

N kò ní fi ìrìn kọ̀ọ̀kan dà yín láàmú. Mo ń borí ni. Ọba rẹ̀ ti há sí igun, mo kàn ń wá ọ̀nà tó dára jù láti pa á ni, nítorí mo fẹ́ kí ó dára, kí n lè ròyìn rẹ̀. Mo ronú, mo ronú. Mo rí i. Mo gbé ayaba mi, mo tẹ aago, mo sì jókòó padà bí ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ràṣídátù tẹ orí ba, kò gbé nǹkan kan. Ìgbà náà ni bàbá àgbà na ọwọ́, ó dá aago dúró.

"Àkókò rẹ ti tán kí o tó gbé e, Àjọkẹ́," ó wí. "Ràṣídátù ló borí."

Mo wo aago. Àsíá pupa kékeré tèmi ti ṣubú lóòótọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rò pé ó ń ṣeré, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún mi, n kò rí i kó sọ̀rọ̀ lórí àsíá tí ẹnìkan ò pè é sí. Kò ṣeré. Ó ti ń kọ orúkọ Ràṣídátù sílẹ̀.

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, n kò sun tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó kú. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n Délé gbọ́ ní yàrá kejì, ó sáré wá, ayọ̀ kún inú rẹ̀ bí ẹni tí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ronú pìwà dà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí bàbá àgbà, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ máa gbà lọ́jọ́ kan. Òfin àgbáyé lẹ lò yẹn." Bàbá àgbà wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tó ti kan fún.

"Èmi?" ló wí. "Èmi ò bá wọn lò ó rí. Òfin tiwa ni mo lò."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi èmi àti màmá mi. Ẹnikẹ́ni ò gbé ọwọ́ sókè, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, gbogbo wa wà níbẹ̀. Irú òfin tiwa wo lèyí? Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àsíá ọmọkùnrin kan ṣubú lójú rẹ̀ kòrókòró, bàbá àgbà sì padà sí wíwo òkè àjà. Ẹ̀gbọ́n Délé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ní òun gbà pé ènìyàn lè ṣe àṣìṣe, òun sì gbà pé ènìyàn lè yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó yí padà fún ọjọ́ kan péré, kí ni wọ́n ń pè é?

Màmá mi mọ ohun tí òun ń pè é. Ó ní bàbá òun fi ọmọ òun ra orúkọ rere. Ó ní ó bẹ̀rù kí wọ́n má sọ ní Yaba pé ó dákẹ́ nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fi ta mí. Fún ìgbà pípẹ́, ó ń gbé oúnjẹ fún un láìsọ ju "Ẹ jẹun" lọ. Bàbá àgbà náà á dáhùn pé "Ẹ ṣeun," bí àlejò. Òun ò ṣàlàyé, nítorí kò sẹ́ni tó bi í dáadáa. Ìgbà tí èmi bi í, ìbínú ni mo fi bi í, mo ní ṣé orúkọ yín dùn mọ́ yín tó báyìí ni. Ó ní òun ṣe ohun tí òfin wí. Mo ní òfin wo? Ó ní kí n lọ bá òun bu omi.

Mo dárí jì í lẹ́yìn náà, bí ènìyàn ṣe ń dárí ji àgbà, láìparí ẹjọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù láti máa bínú lọ. A tún jọ ta ṣẹ́ẹ̀sì nílé, ìdérí ìgò náà tún di ayaba, ó sì tún ń rẹ́ mi jẹ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí n kò bá wo aago mi. Ṣùgbọ́n mo gba ohun tí màmá mi sọ gbọ́. Títí di ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, mo gbà pé bàbá àgbà mi, tó ní adájọ́ kì í wá ẹjọ́ kiri, wá ẹjọ́ kiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi ló sì rí mú.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ọkọ̀ kan kó àga oníke wá sí ẹnu ọ̀nà wa ní Surulere. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìbòrí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, ó ní òun gbọ́ ní Ọ̀yìngbò pé bàbá ti lọ, òun sì mọ̀ pé àlejò á pọ̀, ibi ìjókòó lè má tó. Mi ò dá a mọ̀ àfi ìgbà tó pe orúkọ ara rẹ̀. Ràṣídátù ló gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ báyìí. A jókòó sórí méjì nínú àga náà, màmá mi gbé omi wá fún un, ó sì dúró tì wá nítorí kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń sá fún un.

A sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ ọjà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo rí àsíá yẹn?"

Mo bi í pé àsíá wo, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Tìẹ. Mo rí i nígbà tó ṣubú. O ṣì ń ronú nígbà náà."

Mo ní kí ló dé tí kò gbé ọwọ́ sókè, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí òfin wọn ní Yaba fẹ́ nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

"Kí n gbé e sókè sí ta ni? Bàbá ẹ ni rẹ́fírì. Màmá yín jókòó lẹ́yìn. Màmá tèmi ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé àwọn tó ni ìdíje nìyẹn, bí wọ́n bá rẹ́ mi jẹ, kí n ṣáà kí wọn dáadáa kí n máa bọ̀."

Ó ní òun wo aago náà, òun wá gbé ojú sókè, òun wo bàbá àgbà. Bàbá àgbà náà ń wo òun. Kò wo òkè àjà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ba òun pé ó ti rí i pé òun fẹ́ sọ nǹkan, òun bá tẹ orí ba kíá. Ìgbà tí òun fi máa gbé e sókè, ọwọ́ bàbá àgbà ti wà lórí aago.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó lọ bá a lẹ́nu géètì. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, sà, tí ẹ bá mi sọ ọ́. Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé bàbá náà bínú.

"Ó ní kí n dìde. Ó ní òun ò bá mi sọ nǹkan kan o. Ó ní, 'Ìwọ lo fẹjọ́ sùn. Ojú lo fi sùn mí, mo sì gbọ́. Bó bá di ìgbà míì, kí o fi ẹnu sọ ọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo adájọ́ ló máa wo ojú ẹ.'"

Láti ọjọ́ yẹn wá ni mo ti rò pé èmi ni ó wò lọ́jọ́ náà, tó sì pinnu láti tà. Kò wò mí rárá. Ọmọ tí kò ní ẹnìkankan nínú gbọ̀ngàn yẹn ló ń wò. Mo sunkún níwájú Ràṣídátù, ó sì di ọwọ́ mi mú, kò sọ pé kí n má sunkún.

Nígbà tó lọ, màmá mi ṣì dúró síbi tó wà, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó jókòó sórí àga tí Ràṣídátù dìde kúrò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdíje yẹn ló fẹ́ sọ, pé ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ tó sọ sí bàbá rẹ̀ padà. Ilé ìwòsàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó ní ní àwọn ọjọ́ tí bàbá òun lò kẹ́yìn, dókítà á bi í pé níbo ló ń dùn yín, kò ní sọ. Nọ́ọ̀sì á bi í, kò ní sọ. Òun alára bi í, ó ní kò sí nǹkan.

"Ó kàn ń wò mí ni," màmá mi wí. "Ojoojúmọ́ ló ń wò mí. Mo ní, bàbá, ẹ pa ojú dé, ẹ sinmi."